Mísà Òkú Tí A Ṣe fún Kòséèérí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi mí ṣẹ̀sín: èmi kì í ṣe ẹni tó ń rí iwin. Aránṣọ ni mí. Ohun tí mo bá rí, mo máa ń wọ̀n ọ́n, èyí tí kò bá ṣeé wọ̀n, mo máa ń fi í sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Èmi ni mo ń rán aṣọ fún ṣọ́ọ̀ṣì wa, láti orí aṣọ Mísà tí Fáda ń wọ̀ dé orí aṣọ pẹpẹ. Ẹni tó sì ń bá wa fọ̀ wọ́n, tó ń bá wa lọ̀ wọ́n, ni ọkùnrin kan tí gbogbo páríṣì ń pè ní Kòséèérí.

Ilé iṣẹ́ ìfọṣọ ńlá tó wà lẹ́yìn ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bó bá ṣe tán níbẹ̀, á wá fọ ti Ọlọ́run lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá na aṣọ pẹpẹ tó ti lọ̀ tán sí ọ lọ́wọ́, á ní, "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kò séèérí." Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ, kò sì ní ariwo. Irú ẹni tí ènìyàn máa ń rántí nígbà tí aṣọ bá dọ̀tí.

Ẹgbẹ́ kékeré kan wà ní páríṣì wa tó ń jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi nínú yàrá tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Ẹ̀kọ́ Ìjọ nípa bí ènìyàn ṣe yẹ kó máa gbé láàárín ẹlòmíràn la ń kọ́ níbẹ̀: iyì tí Ọlọ́run fún ọmọ ènìyàn, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, ìdí tí ọ̀rọ̀ tálákà fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn wá kí tẹlòmíràn tó kàn wá. Fáda kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó fún wa, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́: Ẹ wò ó. Ẹ rò ó. Ẹ ṣe é. Ká sòótọ́, a mọ̀ ọ́n rò ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n ṣe lọ. Àbúrò ọkọ mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọkọ mi kékeré ni mo máa ń pè é, òun náà á ní, "Ìyàwó wa, ẹ má fi mí ṣeré." Ahọ́n rẹ̀ dùn. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, omi á máa bọ́ lójú Nọ́ọ̀sì tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní kílíníìkì ìjọba. A ó sunkún, a ó gbàdúrà, a ó lọ sílé.

Oṣù tí a ń kọ́ nípa iyì iṣẹ́ gan-an ni ẹ̀rọ ìlọṣọ fi ooru bó Kòséèérí lọ́wọ́ ọ̀tún. Ilé iṣẹ́ fún un ní báńdéèjì, wọ́n ní kó máa lọ sílé, wọn ò sì pè é padà. Nígbà tí a ò rí i ní Mísà mọ́, ẹgbẹ́ ní kí Akọ̀wé lọ bẹ̀ ẹ́ wò.

Akọ̀wé lọ. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti yí. Ó ní pósí ni òun bá lẹ́nu ọ̀nà ilé oníyàrá púpọ̀ tí Kòséèérí ń gbé, wọ́n ń gbé e jáde, òun gbàdúrà lé e, òun sì fọwọ́ kàn án. A figbe ta. Nọ́ọ̀sì ní ooru ẹ̀rọ máa ń pani láti inú wá. Fáda dorí kodò. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló wà nínú pósí.

Níwọ̀n bí a ti gbà pé wọ́n ti sin ín, Fáda ní ká ṣe Mísà rẹ̀ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe máa ń ṣe é: ká gbé àga òkú òfìfo síwájú pẹpẹ, ká fi aṣọ dúdú bò ó, ká sì gbàdúrà lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí òkú wà níbẹ̀. Aṣọ dúdú náà, Kòséèérí fúnra rẹ̀ ló lọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Àgbélébùú funfun tó wà láàárín rẹ̀ ti ń tú, mo sì ti ní màá rán an kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń to òdòdó ò jẹ́ kí n ráyè. Bí Mísà ṣe ń lọ lọ́wọ́, mò ń wo etí àgbélébùú náà tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀, inú sì ń bí mi. Èmi ò lè jókòó ti aṣọ tó ń tú, ì báà jẹ́ níwájú Póòpù.

Ọkọ mi kékeré ló sọ̀rọ̀ nípa olóògbé. Mi ò ní purọ́, ó dùn. Ó ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ó ní Kòséèérí ni ọ̀tún wa, àwa la ò jẹ́ òsì rẹ̀. Ẹkún sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí gbogbo ènìyàn wá dìde fún àdúrà ìdágbére, mo yọ́ lọ síwájú, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, mo kó píìnì sẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í so àgbélébùú náà mọ́ aṣọ. Fáda wọ́n omi mímọ́, díẹ̀ bọ́ sí mi lójú.

"Fún un ní ìsinmi ayérayé, Olúwa," ni Fáda wí.

"Kí ìmọ́lẹ̀ àìlópin tàn sí i lára," ni gbogbo ìjọ dáhùn.

"Kó sinmi ní àlàáfíà."

"Àmín."

Èmi ò ṣàmín, torí píìnì ló wà lẹ́nu mi. Mo gbójú sókè kí n lè fi ojú ṣe tèmi. Ìgbà náà ni mo rí Kòséèérí.

Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi báńdéèjì dì sáyà bí ìgbà tí ènìyàn gbé ọmọ. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń bá wa ṣàmín.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò sẹ́ni tó pariwo. Àwọn tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn sún mọ́ ọn débi pé wọ́n lè gbọ́ mímí rẹ̀, àmọ́ iwájú ni gbogbo ojú kọ sí, ọrùn wọn sì le gan-an. Kó tó di pé mo tu píìnì tán tí mo dìde, ẹnu ilẹ̀kùn ti ṣófo. Lẹ́yìn Mísà, mo bi Nọ́ọ̀sì bóyá ó rí ẹnì kankan lẹ́yìn.

"Ẹnì kankan bíi ta ni?" ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìborí rẹ̀ wé, ìborí tó ti dúró dáadáa tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ jókòó bí a ti máa ń ṣe. Fáda ń ka ibi kan fún wa nípa ẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, tí a kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Kíkàn náà rọlẹ̀, ó dà bíi ti ọwọ́ tí kò mọ ilẹ̀kùn í kàn. Mo retí kí ẹni tó sún mọ́ ilẹ̀kùn dìde. Akọ̀wé ló sún mọ́ ọn. Kò dìde. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn. Wọ́n tún kàn án. Fáda gbé ohùn sókè díẹ̀, ó ń kàwé lọ. Nọ́ọ̀sì ń wo pátákó níbi tí a kọ ọ́ sí pé Ẹ wò ó, kò sì ṣẹ́jú.

Èmi ni mo dìde nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni kan. Mo kàn rí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tó ń yà ní igun ògiri ni. Òórùn kan sì wà níbi tó ti dúró, òórùn ọṣẹ pẹ̀lú nǹkan mìíràn lábẹ́ ọṣẹ náà, nǹkan dídùn tí kì í ṣe adùn.

"Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ ni?" mo bi wọ́n.

"Gbọ́ kí ni, ìyàwó wa?" ni Akọ̀wé dáhùn.

Mo délé, mo rò ó títí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Gbogbo ìjọ ti ṣàmín lórí ọkùnrin náà, wọ́n ti fi àmín sin ín. Èmi nìkan ni mi ò ṣe é. Mo wá sọ fún ara mi pé ìdí nìyẹn tí ojú tèmi fi ń rí i tí tiwọn ò rí i. Kí n má tàn yín, ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí Ọlọ́run fi píìnì ya ènìyàn sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo wà nídìí ẹ̀rọ mi ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò ọmọ ilé-ìwé kan, ni ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé bá dín kù. Mo gbójú sókè. Kòséèérí ni. Ó di aṣọ pẹpẹ tó ti gbà fọ̀ kó tó fara pa sí abẹ́ apá òsì, kò sọ̀rọ̀, kò sì tẹ ẹnu ọ̀nà kọjá. Orí mi fò lọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí mi kọ́ mi pé ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kíkí là á kọ́kọ́ kí i, ìbéèrè ló ń tẹ̀lé e.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni mo wí, ohùn tó jáde sì ṣàjèjì sí èmi alára. "Ẹ wọlé. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ẹkún ló bú sí. Kò fi ọwọ́ bojú, torí òsì ló fi gbé aṣọ, ọ̀tún ò sì ṣeé gbé.

"Ẹ rí mi, Ìyá?" ó ní.

"Mo rí yín. Kí ló dé tí mi ò ní rí yín?"

"Torí mo ti kú ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ ò jẹ́. Ó ní òun ò kọ́kọ́ gbà. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni òun gbọ́ lọ́jọ́ náà, òun rọra wẹ̀, òun ní kí òun lọ bá wọn gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni tó bá kú. Ẹnu ilẹ̀kùn ni òun dé tí òun gbọ́ orúkọ òun.

"Mo fẹ́ ké sí yín pé èmi rèé," ó ní. "Àmọ́ Fáda ti wọ́n omi. Ìyá, Fáda kì í purọ́. Bí Mísà bá sọ pé mo ti kú, ta ni mí tí màá bá Mísà jiyàn?"

Ó ní òun tún dán an wò. Òun kí àwọn ènìyàn lójú títì, ẹsẹ̀ wọn yára. Òun tò láti gba Ara Olúwa. Nígbà tó kan òun, ọwọ́ Fáda kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn. Òun lọ sí kílíníìkì, òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀. Nọ́ọ̀sì pe àwọn tó wà níwájú òun, ó pe àwọn tó wà lẹ́yìn, bẹ́ǹṣì ṣófo tán, ó ti dúróà rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ òun jáde.

"Ọwọ́ yìí ló wá jẹ́ kí n gbà pátápátá," ó ní. "Tẹ́lẹ̀, bó bá ń dùn mí, mo máa ń bu ìrọ̀rí jẹ kí n má baà ké. Láti ìgbà tí ẹ ti ṣe Mísà yẹn ló ti dákẹ́. Kò dùn mí mọ́ rárá. Ta ni nǹkan kì í dùn bí kì í bá ṣe òkú?"

Mo tú báńdéèjì náà. Mi ò ní ròyìn rẹ̀ tán fún yín. Àwọn ìka ti dúdú, òórùn tí mo gbọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ẹgbẹ́ ló tú jáde níbẹ̀, pípọ́n kan sì ti kọjá ọrùn-ọwọ́, ó ń gòkè lọ síbi ìgbúnwọ́. Mo fi abẹ́rẹ́ gún àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ń wò mí, kò mira.

"Ọsibítù," mo ní. "Nísinsìnyí. Bí èyí bá gòkè dé èjìká, ó parí nìyẹn."

"Àwọn alààyè ló ni ọsibítù, Ìyá," ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń tù mí nínú. "Mo ti dé ibẹ̀. Ẹni tó so ló ń tú. Kí Fáda tú mi ná."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Mo fa apá rẹ̀ tó dára, kò mì. Ó gbé aṣọ pẹpẹ lé orí tábìlì mi, ó sì lọ. Nígbà tó lọ tán ni mo tú aṣọ náà wò. Ọwọ́ òsì nìkan ló fi lọ̀ ọ́. Ibi tó ṣẹ́ po ò bára mu, ìlà áyọ́ọ̀nù sì wọ́ lórí rẹ̀. Ìyẹn ló mú omi jáde lójú mi, kì í ṣe ìka dúdú.

Ilé Fáda ni mo gbà lọ tààrà, pẹ̀lú téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ lọ́rùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì ń retí kó ní kí n lọ sinmi. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi bírò sílẹ̀.

"Ó bá yín sọ̀rọ̀, Màmá?"

"Ó bá mi sọ̀rọ̀. Ó sunkún sí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Fáda, ọwọ́ rẹ̀ ń jẹrà. Èwo ni òkú tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọwọ́ jẹrà bọ̀?"

Mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ píìnì fún un, pé àmín ló bo ìjọ lójú, pé kó wá ohun tí a fi ń tú u. Ó wò mí títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ pe Akọ̀wé àti Nọ́ọ̀sì. Kí gbogbo wa jọ lọ." Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀sán gangan la dé ilé náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni, ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, garawa lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Rédíò kan ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kan. Bí a ṣe wọlé, wọ́n pa á.

"Ọkọ mi," mo ní, "ẹ ṣáájú. Ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀."

Akọ̀wé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dúró. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ló yé mi pé kò tẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn rí.

Obìnrin àgbàlagbà kan ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì tàn nígbà tó rí Akọ̀wé. "Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ gbàdúrà lórí pósí ọkọ mi níta lọ́jọ́sí?" ó ní. "Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ wá rí." Ó na ọwọ́ tó lọ́ṣẹ sí ilẹ̀kùn tó wà ní ìpẹ̀kun. "Ẹni tí ẹ ń wá wà níbẹ̀. Kì í dá wa lóhùn mọ́."

Akọ̀wé ò dúpẹ́. Mi ò rí i kó má dúpẹ́ rí.

Yàrá náà mọ́ débi pé ojú ń ti ènìyàn láti tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, áyọ́ọ̀nù kan lórí pákó, àwòrán Màríà kan lára ògiri. Kòséèérí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ibà ti mú ojú rẹ̀ máa dán. Àwo tí obìnrin ìta yẹn gbé fún un wà nílẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tèmi ò wò ó. Fáda ń wo fèrèsé. Nọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀. Akọ̀wé ń wo áyọ́ọ̀nù bí ẹni tó fẹ́ rà á. Mi ò tíì rí ohun tó bani lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀: ẹni mẹ́rin nínú yàrá tóóró pẹ̀lú mi, mẹ́ta nínú wọn sì ń ṣe bíi pé ìkẹrin ò sí.

"Wọn ò rí mi, Ìyá," ni Kòséèérí wí. "Ṣebí mo sọ fún yín."

Bó ṣe sọ̀rọ̀, èjìká Nọ́ọ̀sì gbọ̀n. Mo rí i. Ó yà mí lẹ́nu, àmọ́ inú ti bí mi jù kí n dúró rò ó.

"Àmín yín ló bò yín lójú!" mo ní. "Ó wà níbí. Ó jókòó níwájú yín. Ẹ wá fọwọ́ kàn án, ká mọ̀ bóyá ojú yín á là. Fáda, ẹ ṣáájú."

Fáda ò kúrò lójú fèrèsé.

"Màmá," ó ní, "kì í ṣe pé mi ò rí i."

Mo yíjú sí i.

"Mo rí i lọ́jọ́ Mísà," ni Fáda wí. "Mo rí i kí n tó wọ́n omi tán. Mo ní ojú mi ló ń ṣe mí. Nígbà tó wá gba Ara Olúwa, ó dúró níwájú mi, mo rí irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí mo rò ni pé bí mo bá fún òkú ní Kọmúníọ̀n, kí ni màá sọ fún Bíṣọ́ọ̀bù?"

Nọ́ọ̀sì ti ń sunkún. "Mo rí i lórí bẹ́ǹṣì," ó ní. "Mo rí báńdéèjì tó ti rin. Mò ń pe àwọn ènìyàn, mò ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó ti parẹ́ kí n tó kan ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo rò pé èmi nìkan ló ń fara hàn fún. Mi ò lè sọ ọ́ fún yín, ẹ ó ní orí mi ti dàrú."

"Èmi ni mo rò pé ó ń wá," ni Akọ̀wé wí. Ohùn dídùn yẹn ti lọ. "Mi ò wọlé lọ́jọ́ náà. Mo dé ìta, mo rí pósí, inú mi dùn pé mi ò ní wọlé mọ́. Lẹ́yìn Mísà ó bá mi lójú títì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Ó dúpẹ́, ìyàwó wa. Mo sá."

Gbogbo fáàrí píìnì mi wó lulẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ojú tí ohunkóhun bò. Àwọn tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn rí i, àwọn tó pàdé rẹ̀ lójú títì rí i, gbogbo wọn gbọ́ nígbà tó ń kanlẹ̀kùn. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wọ́n ríran dáadáa, wọ́n sunkún dáadáa, oníkálukú sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó rò pé òun nìkan ni. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ Mísà kéré sí èyí. Ọ̀dọ̀ àwọn tí mo bá wá ni ẹ̀rù wà, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì.

Kòséèérí ń wo ojú kan dé èkejì.

"Gbogbo yín?" ó ní. "Gbogbo yín ló rí mi?"

Ó dúró, ó ń wá ẹnì kan nínú wa tó máa sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀, kedere bí mo ṣe ń rí okùn nínú abẹ́rẹ́, pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó jẹ́ òkú ju kó gbọ́ èyí lọ.

Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀ sórí ọwọ́ náà, ó ń wò ó bíi pé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé e lẹ́sẹ̀. "Yéè," ó ní, jẹ́jẹ́. Ó wá ké. Igbe náà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́tùn-ún lósì.

"Ó ń dùn mí! Ẹ gbà mí o, ó ń dùn mí!"

Fáda ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dì í mọ́ra, tòun ti òórùn, tòun ti omi tó ń jáde lára báńdéèjì, ó sì ń sọ pé, "Mo rí yín, Bàbá, mo rí yín," ó ń sọ ọ́ léraléra bí aṣiwèrè. Akọ̀wé gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n jọ gbé e. Nọ́ọ̀sì ti sáré ṣáájú, ó ń pariwo pé kí wọ́n yà lọ́nà, ẹ̀mí ènìyàn ni. Igbe náà ò dáwọ́ dúró títí a fi dé ọsibítù. Èmi tí mò ń sáré lẹ́yìn wọn, mò ń dúpẹ́ fún un, mo sì ń dí etí mi.

Dókítà ní bó bá jẹ́ ìgbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n tọ́jú rẹ̀, bóyá ìka díẹ̀ ni ì bá bá a lọ. Wọ́n gé ọwọ́ náà. Ó yè.

A ti ṣe àwọn ohun tó yẹ ká ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ lọ dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ìfọṣọ, a ò kúrò níbẹ̀ títí ọ̀gá fi jáde sí wa. Wọ́n gbà láti máa tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ti fi irin bo ojú ẹ̀rọ tó bó o. Fáda dúró níwájú pẹpẹ, ó sọ ohun tó ṣe fún gbogbo ìjọ láìdín kan kù, ó sì bẹ̀bẹ̀. Ọkọ mi kékeré ló ń fọ aṣọ Kòséèérí báyìí, òun ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Kò sọ ọ̀rọ̀ dídùn mọ́ ní ìpàdé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kòséèérí ń wá sí Mísà. Gbogbo ènìyàn ló ń kí i. Wọ́n ń kí i láti òdìkejì títì, wọ́n ń kí i láti ojú fèrèsé, àwọn kan á padà sẹ́yìn kí wọ́n lè kí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó máa ń dá wọn lóhùn, pẹ̀lú ọ̀yàyà, kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ kó tó dáhùn, yóò kọ́kọ́ yíjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀ tí a ń kí.